Ayé Ń Lọ: Ta Ló Ń Tì Í?

"Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Lóde òní, bí àwọn onímọ̀ bá jókòó láti sọ̀rọ̀ nípa èrò ilẹ̀ Áfíríkà, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó fa òwe náà yọ, kó wá sọ pé Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́: pé kò sí ohun tó dúró sójú kan, pé ohun tí à ń pè ní nǹkan, ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò tíì parí ni. A ó pàtẹ́wọ́. A ó lọ jẹun.

Àtẹ́wọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni, ìdajì tó kù ló sì le. Ẹni tó bá sọ pé ayé ń lọ, tí kò sọ ẹni tó ń tì í, tí kò sì sọ ẹni tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń lọ, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń bá alágbára ṣe.

Monrovia ni mò ń gbé. Ní Waterside, ọjà ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, létí odò Mesurado, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn tí kò ka ìwé fìlọ́sọ́fì kankan rí. Bí wọ́n bá fẹ́ lé àwọn obìnrin tó ń tajà kúrò lẹ́bàá títì, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìlú ń dàgbà, ìgbà ti yí padà, kí oníkálukú bá ìgbà lọ. Ìyá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń tajà níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, dá mi lóhùn nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó rò sí i: "Ọmọ mi, wọ́n ní ayé ló ń yí. Ṣé ayé ló gbé tábìlì mi sọ sínú ọkọ̀ ni?" Ìbéèrè ìyá yìí ni màá fi wọn gbogbo ohun tí mo bá sọ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ẹ̀kọ́ náà wò. Ohun tí wọ́n ń pè ní process philosophy, tí èmi ó máa pè ní ẹ̀kọ́ ayé-ń-lọ, kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Agboolé ni, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì fẹnu kò. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Heraclitus, ará Éfésù, ìlú kan náà tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Jésù, ó ń kọ́ni pé ẹni tó bá padà sínú odò kan náà, omi mìíràn ló máa bá níbẹ̀. Ní nǹkan bí ìgbà kan náà, Parmenides ń sọ òdìkejì rẹ̀: ohun tó bá wà, ó wà, kò lè yí. Plato gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Láti ìgbà Aristotle ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ Yúróòpù ti gbà pé nǹkan ló kọ́kọ́ wà, ìyípadà kàn ń ṣẹlẹ̀ sí i ni: àga á kọ́kọ́ jẹ́ àga, kí a tó wá kùn ún lọ́dà. Ṣùgbọ́n ní Íńdíà, àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà ń kọ́ni pé kò sí ohun tó wà pẹ́ títí, títí kan ẹni tí à ń pè ní "èmi". Ní Ṣáínà, ìyípadà gan-an ni orúkọ ìwé àtayébáyé tí wọ́n ń pè ní Yijing. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Gíríìkì nìkan ló dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ kò ka ìtàn tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní àwa nìkan ni.

Ní ayé òde òní, ẹni méjì ló gbé e dìde ní Yúróòpù. Henri Bergson, ará Faransé, tẹ L'Évolution créatrice jáde ní 1907. Òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ fún ọdún 1927. Ohun tó ń sọ ni pé ìgbà tí aago ń kà kọ́ ni ìgbà tí à ń gbé nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni ẹni tó ń dúró de ṣúgà kó yọ́ nínú omi: ìdúró náà ní ìwúwo tí ìṣẹ́jú inú aago kò ní. Ẹnì kejì ni Alfred North Whitehead, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ ìṣirò tó kó lọ sí Harvard ní 1924, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó kọ́ni ní Edinburgh láàárín 1927 sí 1928, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì di ìwé Process and Reality ní 1929. Lójú ti Whitehead, ayé kì í ṣe odò tó kàn ń ṣàn ṣáá. Ìṣẹ̀lẹ̀ kéékèèké ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ohun tí àwọn tó ṣáájú fi sílẹ̀, tó ń yan èyí tó máa lò, tó ń gé ìyókù kúrò, kó tó parẹ́, kó sì di ohun tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa gbà. Gígé yẹn ló pè ní ìpinnu.

Àwọn mìíràn mú un gba ọ̀nà tiwọn. Muhammad Iqbal ní Íńdíà mú Bergson wọ inú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù nínú ìwé tó jáde ní 1930, ó sì bá a jiyàn pé ìṣàn tí kò ní ète kò tó. Ní Claremont, ní California, John Cobb àti David Griffin dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 1973 fún ẹ̀kọ́ Whitehead, níbi tí àwọn Kristẹni kan ti ń sọ nípa Ọlọ́run tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá ń kan òun fúnra rẹ̀ lára.

Ìyàtọ̀ àárín wọn kì í ṣe iyàn ọ̀mọ̀wé lásán. Ẹ gbé ìbéèrè ìyá ọlọ́jà síwájú wọn, ẹ ó rí i. Ẹni tó di ìṣàn nìkan mú á sọ pé tábìlì lọ bí omi ṣe ń lọ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bergson á jẹ́ ká mọ̀ pé oṣù tí ìyá náà fi jókòó sílé láìtajà gùn ju iye ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó lé e. Whitehead ló sún mọ́ ọn jù, nítorí ó gbà pé bí nǹkan kan bá di òmíràn, ìyàn wà níbẹ̀, ohun kan sì ti di gígé dànù. Síbẹ̀, ìpinnu tí Whitehead ń sọ, gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ló ní in, títí dé ti òkúta. Ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n wó ìsọ̀, àti òkúta tó yí gbirigbiri láti orí òkè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wà lórí ìlà kan náà. A kò lè fi èyí nìkan ṣe ìdájọ́.

Báwo ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀nà tó gbà wọlé gan-an ló ba ọbẹ̀ jẹ́. Ní 1945, Placide Tempels, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, tẹ ìwé kan jáde nípa èrò àwọn Bàǹtú. Ó ní lójú wọn, wíwà àti agbára, ọ̀kan náà ni. Agbára yìí ń pọ̀ sí i, ó ń dín kù, ó ń ti ara ẹnìkan kan ẹlòmíràn. Ó dà bí ìyìn. Ṣùgbọ́n ó tún ní àwọn Bàǹtú fúnra wọn kò lè to èrò náà jọ kí wọ́n sọ ọ́, àfi kí Òyìnbó bá wọn sọ ọ́. Léopold Sédar Senghor, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Senegal, ka Bergson, ó ka Tempels, ó sì mú méjèèjì wọ inú Négritude. Kí Tempels tó kọ̀wé rárá, ní 1939, Senghor ti pín ìmọ̀lára fún aláwọ̀ dúdú, ó ti pín làákàyè fún Gíríìkì.

Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n mú ẹ̀kọ́ tó ní kò sí ohun tó dúró sójú kan, wọ́n fi kan odidi ènìyàn mọ́ ojú kan. Ohun gbogbo ń yí, àfi aláwọ̀ dúdú, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa mọ̀ ọ́n lára pé ohun gbogbo ń yí. Paulin Hountondji, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, já irú èrò yìí ní koro ní àwọn ọdún 1970: ó ní kò sí èrò kan tí gbogbo ìlú jọ ń rò láìsí ẹni tó ń rò ó, tó ń kọ ọ́, tí ẹlòmíràn sì lè ta kò. Ní tòótọ́, Souleymane Bachir Diagne ti gba Senghor sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn púpọ̀, pàápàá nínú Bergson postcolonial tó jáde ní 2011. Ó fi hàn pé ọ̀nà ìmọ̀ tí gbogbo ọmọ ènìyàn ní ni Senghor ń wá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Senghor ti Diagne kọ́ ni à ń pàtẹ́wọ́ fún ní àpéjọ wa. Ti 1939 ni.

Ní Monrovia, ọ̀ràn yìí ti wà nílẹ̀ kí a tó bí Tempels. Edward Wilmot Blyden, tí wọ́n bí ní erékùṣù St. Thomas, dé Làìbéríà ní 1851. Ó di olùkọ́ ní Liberia College, ó sì kọ Christianity, Islam and the Negro Race ní 1887. Ìbẹ̀wò rẹ̀ sí Èkó ní 1890 wà lára ohun tó ta àwọn bíi Mọ́jọlá Àgbébí jí láti mú àṣà Yorùbá wọ inú ìjọ. Blyden dáàbò bo àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gàn àwọn tó ti Amẹ́ríkà dé. Ṣùgbọ́n ohun tó fi dáàbò bò wọ́n ni pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ìwà àbínibí tirẹ̀ tí kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn. Òkúta ló fi rọ́pò òkúta.

Òfin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkéde òmìnira ọdún 1847 sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá nìkan ni ará Làìbéríà. Àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ kò sí nínú "àwa" yẹn. Ó di 1904 kí wọ́n tó kà wọ́n sí ọmọ-ìlú lábẹ́ òfin. Àwọn tó wà lórí òkè ni ìtàn ń tẹ̀ síwájú fún. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ wulẹ̀ wà. Nítorí náà, ìbéèrè nípa ẹni tó ń yí àti ẹni tó dúró kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ìbéèrè nípa ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ sí Waterside. Ọjà náà kò jìnnà sí erékùṣù Providence, níbi tí àwọn àtìpó àkọ́kọ́ ti sọ̀ ní 1822. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí ẹja yíyan, ata, epo pupa, aṣọ àǹkárá àti òkìrìká tí a ń tẹ̀ ba ṣà. Kru, Vai, Bassa, Kpelle, Mandingo, Fúlàní, Yorùbá àti Ìgbò ló ń ná ọjà pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2003, orí àwọn afárá tó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Bushrod Island ni ojú ogun wà: àwọn ọlọ̀tẹ̀ di èbúté mú lápá kan, àwọn ọmọ ogun Charles Taylor wà lápá kejì. Wọ́n kó ọjà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Àkúrà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún náà, ọjà padà.

Kí ló padà? Kì í ṣe páànù, kì í sì í ṣe igi ìsọ̀. Bí Waterside bá jẹ́ nǹkan bí àga ṣe jẹ́ nǹkan, ogun ti pa á. Ohun tó padà ni pé ẹnìkan mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ẹlòmíràn mọ ibi tó ti máa ń jókòó, ẹni kẹta mọ ẹni tó ń gbé ẹja wá fún un. Dé ibí yìí, ẹ̀kọ́ ayé-ń-lọ borí: ọjà kì í ṣe ilé, ìṣe ni. Ìdí sì nìyí tí mi ò fi lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ní kí a da ẹ̀kọ́ náà nù.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà àrùn Ebola, ìjọba fi ọlọ́pàá àti sójà sé West Point mọ́, àdúgbò tó fara kan Waterside. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè jáde. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ìbọn dún, ọmọdékùnrin ẹni ọdún 15 kan kú. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí i. Níbo ni ìṣàn wà lọ́jọ́ yẹn? Ẹnìkan ló pinnu ẹni tó lè rìn àti ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró. Ìrìn kì í kàn ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń pín in ni, bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú ọjà náà ni èsúsú. Susu ni wọ́n ń pè é ní Làìbéríà. Ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921 sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ní 1952 sì ni William Bascom kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí. Ẹ wò ó dáadáa. Èsúsú kì í ṣe àpótí, nítorí owó kì í sùn níbẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ lè kú kí ọmọ rẹ̀ bọ́ sípò rẹ̀. Yíyípo owó náà gan-an ni èsúsú. Bí kò bá yí mọ́, ó ti kú. Kò sí àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ ayé-ń-lọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ lọ sọ fún ẹni tó ti kó tirẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dá mọ́, nítorí ayé ń lọ, ẹni tó jẹ gbèsè lánàá kì í ṣe ẹni òní. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ bá a nílé.

Nínú èsúsú, ìyípadà ní ètò: a mọ ẹni tó kọ́kọ́ kó, a mọ ẹni tó kù, a mọ ẹni tó to orúkọ, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè bi í léèrè. Àwọn kan á sọ fún mi pé bí mo bá ń wá ẹni tó ṣe é, mo ti padà sọ́dọ̀ Aristotle nìyẹn, níbi tí ènìyàn ti jẹ́ nǹkan tó dúró. Rárá o. Kì í ṣe ohun líle kan nínú ẹni ló so ẹni àná mọ́ ẹni òní nínú èsúsú. Ọ̀rọ̀ tó sọ lójú àwọn ẹlòmíràn ni, àti pé wọ́n ṣì ń retí rẹ̀.

Èdè wa gan-an kò gbà kí a dákẹ́ lórí olùṣe. Ọlábíyì Yáì, onímọ̀ Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Benin, tọ́ka sí i nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1993 pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe "ṣà" ni "àṣà" ti jáde. Àṣà ni ohun tí a ṣà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kejì dé kíákíá: ta ló ṣà á, kí ló sì fi sílẹ̀ nílẹ̀? Gígé tí Whitehead sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n níbí ó ní ọwọ́, ó ní ojú, a lè pè é lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe tí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fẹ́ràn: "Bónìí ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n máa ń gé e síbẹ̀. Òwe náà ní ìdajì kejì: "ló ń mú babaláwo dÍfá ọrọọrún." Nítorí pé ọ̀la kò ní rí bí òní, iṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹnìkan ló ń ṣe é, ó ní ọjọ́ tó ń ṣe é, a sì mọ ilé rẹ̀. Ọrọọrún kan náà ni àwọn ọjà wa àtijọ́ ń ná.

Mi ò sọ pé kí ọjà má ṣípò, tàbí kí títì má ṣeé gbà. Bí ọkọ̀ panápaná kò bá lè wọlé, ọjà lè jóná, ọlọ́jà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ yí i jáde wá sọ pé, "Èmi ni mo fẹ́ yí i, ìdí rẹ̀ nìyí, ibi tí ẹ ó lọ nìyí, ohun tí ẹ ó gbà nìyí," kó má sá sábẹ́ òjìji ayé. Àwa ará Nàìjíríà mọ òjìji náà dáadáa. Ní oṣù keje ọdún 1990, wọ́n wó Maroko l'Ékòó, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn di aláìnílé. Ní 2009, wọ́n kó àwọn ọlọ́jà kúrò ní Òṣòdì. Lónìí, bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní Èkó ti yí padà. Èkó kò yí ara rẹ̀ padà. Àwọn kan yí i, àwọn kan jèrè, àwọn kan sì ṣòfò. Bí a bá kọ gbólóhùn náà láìsí orúkọ nínú rẹ̀, ìdájọ́ ti parí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Legon, ní Dakar àti ní Monrovia níhìn-ín, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní Heraclitus àti Bergson, ẹ kọ́ wọn ní Whitehead, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọn kò fẹnu kò. Ẹ kọ́ wọn pé Tempels àti Senghor fún wa ní ìyìn tó ní ẹ̀wọ̀n nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ sí ọjà, kí wọ́n wo ìwé tí olórí èsúsú ń kọ orúkọ sí. Bí ẹnìkan bá sì dìde ní àpéjọ tó ń bọ̀ láti sọ pé ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́, kí a má tíì pàtẹ́wọ́. Kí a kọ́kọ́ bi í pé ta ló gbé tábìlì.